Ìbúgbàù gamma: rírí i kò le, mímọ ibi tó ti wá ni wàhálà

Ọmọ Agbówó béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Físíìsì ni mò ń kà ní yunifásítì níbí ní Ìbàdàn, ọdún tó gbẹ̀yìn ni mo wà. Olùkọ́ wa ní sátẹ́láìtì Swift lè tọ́ka ibi tí ìbúgbàù gamma, ìyẹn ìtànṣán alágbára tó ń bú jáde lójijì, ti wá lójú ọ̀run kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ibi tó máa tọ́ka ọ̀hún á sì kéré sí òṣùpá. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé gamma ń la dígí kọjá ni, kò sí awò tó lè kó o jọ sójú kan. Ta ló ń tàn wá nínú àwọn méjèèjì? Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀, àbí ká kúkú fi owó yẹn tún iná ṣe? Ẹ má bú mi o, iṣẹ́ àkàgboyè ni mo fẹ́ fi ṣe.

* * *

Tíṣà Bódìjà:

Àbúrò, kò sí ẹni tó ń tàn yín. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ nípa dígí, òótọ́ sì ni olùkọ́ yín sọ nípa Swift. Ọ̀rẹ́ rẹ rò pé ohun tí awò kò bá ti lè kó jọ, a ò lè mọ ibi tó ti wá. Ó gbàgbé òjìji.

Àwọn ọmọ girama ni mò ń kọ́, bí mo sì ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn nìyí. Wo àwọn ilé àtijọ́ ní Béèrè àti Ọjà'ba tí páànù wọn ti dógùn-ún, tó ti lu káàkiri. Tí oòrùn bá ràn, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú ihò wọlé, á tò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ yàrá. Láàárọ̀, àmì ìmọ́lẹ̀ wọ̀nyẹn á wà lápá ìwọ̀-oòrùn. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á sún wá sábẹ́ ihò gan-an. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á ti bọ́ sí apá kejì. Ẹni tó bá mọ ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà lórí páànù, tó sì wo ilẹ̀, kò nílò àtiyọjú síta kó tó sọ ibi tí oòrùn wà.

Ohun tí Swift ń ṣe nìyẹn. Òjé ni páànù tiẹ̀. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, ó tó nǹkan bí 52,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 5 níbùú lóòró, wọ́n wá tò wọ́n sórí pátákó láìtẹ̀lé ètò kankan, ìdajì dí, ìdajì ṣí sílẹ̀. Mítà kan sí abẹ́ ẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gba gamma wà, 32,768 ni wọ́n. Bí gamma bá ya lù ú, òjìji òjé á bọ́ lé wọn lórí. Kọ̀ǹpútà inú sátẹ́láìtì á gbé òjìji yẹn, á máa fi wé èyí tí igun kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀run ìbá dá, títí tí ọ̀kan á fi bá a mu. Ìdí tí wọn ò fi tò ó létòlétò ni pé, tí ètò bá wà níbẹ̀, igun méjì lè dá òjìji kan náà, kọ̀ǹpútà ò sì ní mọ èwo ni ká mú.

Igun tó bá mú kì í sábà fi ju arcminute 1 sí 4 tàsé (arcminute kan ni ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì). Òṣùpá àrànmọ́jú fẹ̀ tó arcminute 30. Nítorí náà, olùkọ́ yín ò bùmọ́ ọn.

* * *

Tíṣà Bódìjà:

Mo ti ka èsì yín. Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí a ò lè gbé irú páànù bẹ́ẹ̀ sórí Òkè Àrẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ Bower, ká máa wo ọ̀run láti ibẹ̀. Kò lè ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bò wá ń gbé gamma mì kó tó délẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí èèyàn lè máa gbé láyé nìyẹn. Èyí tí agbára ẹ̀ bá pọ̀ lápọ̀jù nìkan ló máa ń tan iná búlúù fírífírí nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń wọlé, iná yẹn ni àwọn awò H.E.S.S. ní Namibia ń wò. Wọ́n sì ti rí ìbúgbàù nípa ẹ̀, ti July 2018 àti ti August 2019. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ló kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí fún wọn.

Ẹni tó kọ̀wé pé "ṣebí àwọn Amẹ́ríkà ló ń ṣọ́ Rọ́ṣíà tí wọ́n fi ṣèèṣì rí i" kò parọ́. Lẹ́yìn àdéhùn 1963 pé kí ẹnikẹ́ni má dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lójú òfurufú mọ́, Amẹ́ríkà gbé àwọn sátẹ́láìtì Vela lọ sókè kí wọ́n máa ṣọ́ ẹni tó bá máa yọ́ ọ ṣe. Ní July 2, 1967, wọ́n rí gamma tó bú jáde, kò sì jọ ti bọ́ǹbù. Wọn ò pariwo. Ọdún 1973 ni Klebesadel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé-ìwádìí Los Alamos tó gbé e jáde, ìbúgbàù 16 ló wà nínú ìwé wọn. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé kò ti ilẹ̀ ayé wá, pé kò sì ti inú oòrùn wá ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí: wọ́n wo ìyàtọ̀ àkókò tó fi dé ọ̀dọ̀ Vela kan àti òmíràn. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Àmọ́ wọn ò mọ àdírẹ́sì ẹ̀. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n fi jiyàn lórí bóyá nǹkan ọ̀hún wà nítòsí wa tàbí ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀run. BATSE, ẹ̀rọ gamma tó wà lára sátẹ́láìtì Compton ti NASA, lọ sókè ní 1991, ó ka 2,704 kó tó dákẹ́ ní 2000, ó sì rí i pé káàkiri ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń wá, kò sí apá tó pọ̀ jù. Ìyẹn gan-an ò parí ìjà. February 28, 1997 ni ilẹ̀ mọ́: BeppoSAX ti àwọn ará Ítálì àti Netherlands rí x-ray tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìbúgbàù kan, ó tọ́ka ibẹ̀ dáadáa, àwọn awò orí ilẹ̀ sì rí iná tó ń kú lọ níbẹ̀. Ní May ọdún yẹn, òmíràn yọ tí wọ́n wọn jíjìn ẹ̀: ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan). Kíkà 2,704 ò yanjú ohun tí àdírẹ́sì méjì yanjú.

* * *

Tíṣà Bódìjà:

Arẹ̀mọ Mọ́kọ́lá ní mò ń gbé Swift gẹ̀gẹ̀, pé Fermi, sátẹ́láìtì NASA mìíràn tó ń ṣọ́ gamma, ló yẹ kí n máa yìn nítorí pé bíi 240 ló ń rí lọ́dún, tí Swift ò sì sábà kọjá 100. Arẹ̀mọ, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ GBM tó wà lára Fermi kò ní páànù òjé kankan. Àwo sodium iodide 12 ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú síbi tiẹ̀, pẹ̀lú méjì mìíràn tó wà fún gamma tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwo tó bá dojú kọ ìbúgbàù á rí púpọ̀, èyí tó bá fi ẹ̀gbẹ́ sí i á rí díẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tó ti wá. Ìwọ̀n dígírì mélòó kan ló sábà máa ń fi tàsé. Ẹ má fojú kékeré wo dígírì o. Òbìrí tí ìdajì ìbú ẹ̀ jẹ́ dígírì 5 gbà tó irinwó òṣùpá nínú. Kí lo fẹ́ wá níbẹ̀?

Síbẹ̀, mo máa fún un ní ẹ̀tọ́ ẹ̀ lórí ohun kan. August 17, 2017, ìràwọ̀ neutron méjì kọlu ara wọn. LIGO àti Virgo, àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń gbọ́ ìgbì òòfà-ìwúwo (gravitational wave), gbọ́ gbígbọ̀n ẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 lẹ́yìn náà Fermi rí gamma. Níbo ni Swift wà? Ayé ló dí i lójú, ẹ̀yìn ayé ni ìbúgbàù náà bọ́ sí fún un. Ẹni tó ń wo gbogbo ọ̀run ló rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹ̀ ò mú. LIGO àti Virgo ló wá fún ibẹ̀ pọ̀ di nǹkan bí dígírì oníbùú-lóòró 30, àwọn tó ń lo awò Swope ní Chile sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn galaxy tó wà níbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wákàtí 12 tó pé, wọ́n rí i ní NGC 4993, mílíọ̀nù 130 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí n mú ọ̀kan sọ ọ̀kan nù, mi ò ṣe. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n fi owó kan ṣoṣo ra ẹ̀yọ kan, Swift ni mo máa rà. GBM máa sọ fún ẹ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Swift á sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, á tún yí ara ẹ̀ padà fúnra ẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, á kọ awò x-ray ẹ̀ síbẹ̀, àsìṣe á sì já wálẹ̀ sí arcsecond 5 (ọgọ́ta arcsecond ló wà nínú arcminute kan). X-ray ṣì ṣeé dà lórí dígí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Gamma ni kì í gbọ́ràn.

* * *

Tíṣà Bódìjà:

Àwọn tó ń bi mí nípa ìyàtọ̀ àkókò Vela, ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí.

Ìmọ́lẹ̀ ń rin kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí sátẹ́láìtì méjì bá jìnnà síra, tí ìbúgbàù kan sì kọjá, ọ̀kan á rí i ṣáájú èkejì. Ìyàtọ̀ yẹn kò lè fún ẹ ní ojúkan, òrùka ló máa fún ẹ lójú ọ̀run, ibikíbi lórí òrùka yẹn ló lè ti wá. Mú sátẹ́láìtì kẹta wá, òrùka mìíràn á gba ti àkọ́kọ́ kọjá, ojú méjì péré ló kù. Ìkẹrin á mú ọ̀kan kúrò. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń gbé ẹ̀rọ gamma mọ́ ara ọkọ̀ tó ń lọ síbi tó jìn: Mars Odyssey wà ní Mars, ìmọ́lẹ̀ sì lè lo ìṣẹ́jú 3 sí 22 láàárín ibẹ̀ àti ilé ayé. Konus, ẹ̀rọ àwọn ará Rọ́ṣíà, wà lára sátẹ́láìtì Wind ti Amẹ́ríkà láti 1994. Lọ́nà yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé ìbúgbàù March 5, 1979 wá láti inú Large Magellanic Cloud, galaxy kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Bí àwọn ọkọ̀ ṣe jìnnà síra tó ni òrùka ṣe ń tín-ín-rín tó. Àléébù ẹ̀ ni pé èsì ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn kì í tètè délé, nígbà tí wọ́n bá fi ṣírò tán, iná tó ṣẹ́kù ti lè kú.

* * *

Tíṣà Bódìjà:

Ìyá Ìbejì láti Challenge ní àwọn ti ka gbogbo èyí tán, kí ló wá kàn wọ́n níbẹ̀. Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìròyìn ṣe ń délé.

Ọ̀fẹ́ ni. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní GCN, NASA ló ń bójú tó o, ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ kó máa gba ìkìlọ̀ lórí fóònù ẹ̀. Èmi ń gbà á. Ẹni tó bá ń gba ti Fermi á rí i pé ọ̀kan ṣoṣo kọ́ ló ń wá. Èyí tó kọ́kọ́ dé, Alert, kò ní ibì kankan nínú: ó kàn ní nǹkan ti lu ẹ̀rọ ni, ní àkókò báyìí. Èyí tó tẹ̀lé e ni èyí tí kọ̀ǹpútà inú sátẹ́láìtì ṣírò, ìlà RA, ìlà Dec (àwọn nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tó wà lójú ọ̀run), ìlà àsìṣe, pẹ̀lú ìlà kan tó ń sọ ohun tó rò pé ó jẹ́, bóyá GRB (ìbúgbàù gamma), bóyá oòrùn. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n tún ṣírò nílẹ̀ á dé, RA á ti sún. Mo ti rí èyí tó sún kúrò lápá kan ọ̀run pátápátá. Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ sáré gbé awò síta, ó wù ú ló ṣe.

Awò ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n kan ní kò sí ẹni tó lè fi awò ilé lépa ìbúgbàù gamma láti Áfíríkà. Kí wọ́n béèrè ní Pretoria. Ní July 2003, Berto Monard, tí kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ ẹ̀, fi awò tiẹ̀ rí iná tó ṣẹ́kù lẹ́yìn GRB 030725 lẹ́yìn tí sátẹ́láìtì HETE-2 ti kéde ẹ̀. Ní March 19, 2008 pàápàá, ọ̀kan tàn débi pé ojú lásán ìbá rí i fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó sì tó bílíọ̀nù 7.5 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa.

Ìbàdàn ló ní ìṣòro tiẹ̀. Láàárín April sí October, kùrukùru ò ní jẹ́. Tí ọyẹ́ bá dé, kùrukùru lọ, eruku gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi gbé awò kékeré mi sórí dẹ́kìn ní Bódìjà, iná àwọn ará ọjà ló gba ojú ọ̀run ìsàlẹ̀. Èyí tó wà lókè tààrà nìkan ni mo lè wò. Mi ò tíì fojú ara mi rí iná ìbúgbàù kankan, mi ò sì retí ẹ̀ pẹ̀lú awò tí mo ní. Ìkìlọ̀ ni mò ń tẹ̀lé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo gamma tí sátẹ́láìtì ń rí ló ti ọ̀run wá? BATSE ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n gbé e jáde ní 1994: àrá tó ń sán nílé ayé níbí ń yin gamma sókè. Kì í sábà ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Agbègbè tiwa, tí àrá ti ń sán jù, wà lára ibi tí Fermi ti ń rí i. Ẹ̀yin oníṢàngó, ẹ lè máa fọ́nnu lórí ìyẹn.

* * *

Tíṣà Bódìjà:

Ní báyìí, ìjà gidi: ṣé Nàìjíríà lè ṣe é?

Apá kan ní ká fi owó ẹ̀ tún iná ṣe. Apá kejì ní a ti ní sátẹ́láìtì, kí ni kò sí lọ́wọ́ wa. Mi ò tẹ̀lé apá kankan tán.

A ti gbé kékeré lọ. EduSat-1, tí FUTA ní Àkúrẹ́ bá Kyushu Institute of Technology ti Japan ṣe, jáde láti ibùdó ojú òfurufú ISS ní July 2017. Sẹ̀ǹtímítà 10 ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò ní ẹ̀rọ gamma, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn gan-an ni GRBAlpha, tí àwọn ará Hungary àti Slovakia pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn gbé lọ ní March 2021, ìyẹn sì rí ìbúgbàù gamma. Nígbà tí GRB 221009A dé ní October 9, 2022, èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì rí, Fermi kún àkúnya, kò lè kà á tán. GRBAlpha ka góńgó ẹ̀, nítorí pé ó kéré.

Nítorí náà, ẹni tó ní rírí i kọjá agbára wa, kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo ti takò ẹ̀yin tó ń pariwo "a lè ṣe é" ni pé GRBAlpha kò lè dá tọ́ka ibì kankan. Ẹ̀rọ ẹyọ kan ló ní. Ẹ lè ní ká gbé púpọ̀ lọ, ká lo ìyàtọ̀ àkókò. Ítálì ti gbé mẹ́fà lọ ní March 2025 láti dán an wò, HERMES ni wọ́n pè é. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Sátẹ́láìtì méjì tó ń yí ayé po nítòsí, ká ní kìlómítà 7,000 ló wà láàárín wọn. Ìyàtọ̀ àkókò tó pọ̀ jù lọ kò ju 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Láti mọ ibi tó wà dé dígírì kan, a ní láti mọ àkókò náà débi tí àsìṣe kò ní tó ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Aago kọ́ ni ìṣòro, GPS ń fúnni ní èyí tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣòro ni pé láàárín àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó tó àtẹ́lẹwọ́ lè má rí ju ẹyọ fótóònù mélòó kan lọ. Kí lo fẹ́ fi wéra? Ó di kí ẹ̀rọ fẹ̀, tàbí kí sátẹ́láìtì pọ̀ gan-an, tàbí kí ìbúgbàù mọ́lẹ̀ gan-an.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún lówó, ilẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ ná an sí. Malindi ní Kenya ni èyí tó pọ̀ jù nínú dátà Swift ń gbà sọ̀kalẹ̀, Ítálì ló ni ibùdó náà. SVOM, sátẹ́láìtì gamma tí Ṣáínà àti Faransé jọ gbé lọ ní June 2024, ń lo ọ̀pọ̀ eriali VHF tí wọ́n tò yí ilẹ̀ olóoru ká láti fi gba ìkìlọ̀. Swift ń rìn láàárín dígírì 20.6 sí àríwá àti gúúsù ìlà agbedeméjì ayé, a sì wà ní nǹkan bí 7.4 sí àríwá ẹ̀. Òkè orí wa ló ń gbà kọjá. Eriali àti awò aṣiṣẹ́-fúnra-ẹ̀ kan tó dáa lórí òkè tó gbẹ ní àríwá máa ṣe ju sátẹ́láìtì ẹyọ kan lọ. Ẹ tún rántí pé Swift ti dàgbà, 2004 ló lọ, afẹ́fẹ́ òkè sì ń fà á wálẹ̀ débi tí NASA fi gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní 2025 kí wọ́n lọ tì í padà sókè. Sátẹ́láìtì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé lọ kó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Ní ti iná, ẹ̀yin tó ní ká fi owó ẹ̀ tún iná ṣe, tí wọ́n bá fi owó yẹn kún ti iná, ṣé ẹ máa rí i?

* * *

Tíṣà Bódìjà:

Ìyá Ìbejì, mo ní mò ń bọ̀. Ẹ béèrè ohun tó kàn yín níbẹ̀. Ṣé ó lè pa wá? Èyí tó ń ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá kò lè fọwọ́ kàn wá. Ṣùgbọ́n ti October 2022 yẹn, láti nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún ìmọ́lẹ̀, mi ionosphere, ìpele òkè afẹ́fẹ́ tí ìgbì rédíò ń ta mọ́. UI ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ionosphere lórí Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1950, nítorí pé a súnmọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé. Ó kàn wá díẹ̀, ẹ ò rí i?

* * *

Tíṣà Bódìjà:

Ọmọ Agbówó, o ní iṣẹ́ àkàgboyè. Má bá wọn kọ "ìtàn ìbúgbàù gamma", ó ti sú gbogbo wọn. Mú ìbúgbàù kan tí Fermi àti Swift jọ rí, tó mọ́lẹ̀, tó ní góńgó kan ṣoṣo. Gba dátà GBM, ọ̀fẹ́ ni. Yọ ohun tí àwo kọ̀ọ̀kan ń kà tẹ́lẹ̀ kí ìbúgbàù tó dé kúrò, kí o wá fi ohun tó kù nínú àwo 12 ṣírò ibi tó ti wá. Fi wé ibi tí Swift sọ.

Ó máa tàsé, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Gamma kan ń lu afẹ́fẹ́ ayé ó ń ta padà sókè, òmíràn ń ta lára sátẹ́láìtì fúnra ẹ̀, àwo tó kẹ̀yìn sí ìbúgbàù á máa ka ohun tí kò yẹ kó rí. Wá bí o ṣe máa yọ ìyẹn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà. Má mú 221009A o, òkìkí ẹ̀ ló pọ̀, dátà ẹ̀ ti kún àkúnya. Láptọ́ọ̀pù lásán tó fún un. Fáìlì trigdat ni kí o kọ́kọ́ gbà, kékeré ni. Àwọn tó ní TTE lórúkọ wúwo, dúró dìgbà tí o bá rí Wi-Fi ẹlòmíràn.